Ohio State ń bọ̀ ní Sátidé: ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ wọn ká tó wo ọwọ́ wọn

Àdìsá Detroit · Mọ́ńdè, 24 Oṣù Kọkànlá 2025, 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ tí a ti ń retí láti ọdún tó kọjá ti wọlé. Agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé yìí, yunifásítì Ohio State máa wọ Ann Arbor wá bá yunifásítì Michigan gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré tàbí jù. Àwọn ló wà ní ipò kìíní ní gbogbo ilẹ̀ yìí, wọ́n gbá mọ́kànlá, wọ́n borí mọ́kànlá. Àwa borí mẹ́sàn-án, méjì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́: Oklahoma nà wá 24 sí 13, USC nà wá 31 sí 13. Mi ò ní tan ara mi jẹ, ẹrù tó wà nílẹ̀ yìí wúwo.

Níbi iṣẹ́ mi, orúkọ méjì ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: Jeremiah Smith àti Carnell Tate. Àwọn receiver wọn nìyẹn, àwọn tó ń sáré lọ síwájú láti gba bọ́ọ̀lù tí quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, bá jù. Mo gbà pé wọ́n gbóná. Ọwọ́ Smith dà bí àtè, ohun tó bá kàn án kì í jábọ́. Sáà tó kọ́kọ́ gbá, lọ́dún 2024, 1,315 yáàdì ló fi ọwọ́ yẹn kó.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni gbogbo ayé ń wò. Ẹsẹ̀ wọn lèmi ń wò. Ẹ padà lọ wo bí eré yìí ṣe ń lọ láti ọdún mélòó kan: ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ jù ló ń borí. Lọ́dún 2021, a sáré gba 297 yáàdì, wọ́n gba 64, a nà wọ́n 42 sí 27. Lọ́dún tó kọjá, ní Columbus, nínú ilé wọn, nígbà tí kò sẹ́ni tó rò pé a lè mí, a gba 172, wọ́n gba 77, a nà wọ́n 13 sí 10. Smith wà lórí pápá lọ́jọ́ náà o. Òun gan-an ló gba touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, ayò mẹ́fà) kan ṣoṣo tí wọ́n rí. Ibi tí agbára ọwọ́ mọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tí màá máa ṣọ́ ní Sátidé ni Bo Jackson, ọmọ Cleveland, running back wọn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Bí a bá dá a dúró, Julian Sayin tó jẹ́ quarterback wọn á di ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí gbogbo wa ti mọ̀ pé jíjù ló fẹ́ jù. Bí a kò bá dá a dúró, ká máa lọ sílé. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Columbus · Túsìdé, 6:25 àárọ̀

Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ òru. Òjò ò tíì ṣú, ẹ ti ń wá abẹ́ ilé tí ẹ máa sá sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí. Lánàá ni mo gbé ọbẹ̀ lọ fún àwọn ìbejì nínú ọgbà yunifásítì. Gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó àti ara ògiri ni wọ́n ti fi téèpù pupa ṣe X lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, títí eré á fi parí, a ò fẹ́ fi ojú kan lẹ́tà tí orúkọ yín fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé dúró tì mí, ó ní, "Mọ̀mí, ọdún mẹ́rin." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 2021, 2022, 2023, 2024, ẹ̀yin lẹ nà wá nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ sì mọ ti ṣòkòtò góòlù. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń fún agbábọ́ọ̀lù wa tó bá na Michigan ní ṣòkòtò góòlù kékeré kan tó ṣeé fi sórí ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn ọmọ wa gba ife orílẹ̀-èdè ní Oṣù Kìíní ọdún yìí, wọ́n na Notre Dame 34 sí 23. Àwọn tó parí ẹ̀kọ́ nínú wọn, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ife ni wọ́n gbé lọ sílé. Wọn ò rí ṣòkòtò. Ó ń dùn mí fún wọn títí dòní.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí ẹ sọ: bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí Sayin bá jù, ó kù díẹ̀ kí mẹ́jọ pé tó ń dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí. Bí ẹ bá kó èèyàn jọ síwájú nítorí Jackson, ta lẹ máa fi sílẹ̀ pẹ̀lú Tate lẹ́yìn lọ́hùn-ún? Kì í ṣe eré ẹsẹ̀ nìkan mọ́, bùọ̀dá mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ta á. Ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá. Bí a bá nà yín, léèsì pupa ni aṣọ ẹbí, ẹ̀yin lẹ máa rà á fún gbogbo wa. Bí ẹ bá nà wá, búlúù ni, èmi ni màá san owó rẹ̀.

Àdìsá Detroit · Túsìdé, 7:02 àárọ̀

Àna mi àtàtà, mo gbà. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ni ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí n bi yín irú léèsì wo.

Ìyá Ìbejì Columbus · Túsìdé, 7:05 àárọ̀

Èyí tó dáa ni, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Mókọ́lá · Túsìdé, 2:40 ọ̀sán, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mọ̀mí, mo kí yín láti Ìbàdàn. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi eré yìí hàn mí lọ́dún tó kọjá, mo sì wò ó parí lórí fóònù. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín sísá àti jíjù fún mi, ta ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa ṣe? Kí ló sì mú kí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yunifásítì máa kó èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún sínú pápá kan?

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tí bàbá mi máa ń sọ, IICC ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu. Lọ́dún 1976, IICC gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́dún 1977, Rangers ló já wọn ní semifinal, wọ́n sì gbé ife náà lọ sí Enugu. Bàbá mi á ní bọ́ọ̀lù náà ò tíì tán nínú òun. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni?

Àdìsá Detroit · Túsìdé, 8:30 alẹ́

Àbúrò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bàbá rẹ máa gbádùn Ann Arbor.

Bí ẹni ń wọn aṣọ ni kí o ṣe rò ó. Wọ́n fún ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gba yáàdì mẹ́wàá. Bí o bá gbà á, wọ́n tún fún ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí o ó fi dé òpin pápá. Bí o kò bá gbà á, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Kóòṣì kan ló ń pe irú èyí tí wọ́n máa ṣe. Bí ó bá ní kí wọ́n jù ú, ó lè di yáàdì ogójì lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bí ó bá ní kí wọ́n sáré, quarterback á fi bọ́ọ̀lù lé running back lọ́wọ́, ìyẹn á forí bọ àárín àwọn géńdé. Yáàdì mẹ́ta, mẹ́rin. Kò wuyì lójú. Ṣùgbọ́n aago ń lọ, ara ń ro ẹni tó ń dènà, ẹni tó wà ní òdìkejì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kò rí bọ́ọ̀lù fọwọ́ kàn.

Mo wà nínú pápá náà lọ́dún 2021 pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin. 107,601 ni iye èèyàn tí wọ́n kọ́ ọ fún. Yìnyín ń bọ́, irin ni bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé, òtútù rẹ̀ gba inú ṣòkòtò méjì tí mo wọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, gbogbo wa ló mọ̀ pé Hassan Haskins ni wọ́n tún máa gbé bọ́ọ̀lù fún. Ohio State náà mọ̀. Wọ́n gbé e fún un, ó tún gba yáàdì mẹ́fà. Touchdown márùn-ún ló gbà lọ́jọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó arúgbó kan tí a ò mọ̀ rí gbá ọmọ mi mọ́ra, ó ń sunkún. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti fi ń retí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ẹsẹ̀.

Gbóyèga 64 · Wẹ́sìdé, 12:15 ọ̀sán, Houston

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, mo bá yín fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ fo ibì kan. Mo gbá guard, ọ̀kan lára àwọn tó ń dí ọ̀nà níwájú, ní ilé ìwé girama níbí, nọ́ńbà 64, torí náà àwọn tó ń fọwọ́ kanlẹ̀ níwájú ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá.

Brian Hartline ló ń pe eré fún ọ̀wọ́ akọlù Ohio State. Ohun tó ń ṣe lọ́dún yìí ni pé ó ń kó tight end méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, sórí pápá lẹ́ẹ̀kan. Tight end ni géńdé tó lè bá wọn dí ọ̀nà, tó sì tún lè gba bọ́ọ̀lù. Max Klare tó ti Purdue wá wà nínú wọn, Will Kacmarek náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ fi ara yín sípò Michigan. Ẹ rí géńdé mẹ́ta tí wọ́n tò, ẹ ní sísá ni wọ́n fẹ́ sá, ẹ kó àwọn tó tóbi wọlé. Ẹ ò tíì fojú kúrò lára wọn, Smith ti wà ní etí pápá kan, Tate wà ní etí kejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kù tó ń ṣọ́ wọn. Sayin á jù ú. Ó yá, ẹ kó àwọn tó yára wọlé dípò. Jackson á gba àárín yín kọjá lọ.

Ẹsẹ̀ wọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọwọ́ wọn. Bí ẹ bá wá ní ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa ṣọ́, ibi tí Hartline ń fẹ́ kí ẹ wà gan-an lẹ wà yẹn.

Ìrètí ha wà fún Michigan? Ó wà. Wink Martindale tó ń darí ọ̀wọ́ adènà wọn fẹ́ràn kó máa rán èèyàn kún èèyàn lọ bá quarterback, láti ibi tí kò rò. Sayin ò tíì gbá irú eré yìí rí láyé rẹ̀. Texas nìkan ló dí wọn lọ́wọ́ gidi lọ́dún yìí, 14 sí 7, eré àkọ́kọ́ sì ni.

Ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi, ẹ wò ó ní Sátidé bí kámẹ́rà bá sún mọ́ wọn. Ẹ wo ọwọ́ tí guard fi kanlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Bí ó bá tẹ ilẹ̀ débi pé abẹ́ èékánná rẹ̀ funfun, iwájú ló fẹ́ fi gbogbo ara lọ, sísá ni. Bí ìka rẹ̀ bá kàn ń kan koríko fẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ló fẹ́ bọ̀ sí láti dáàbò bo quarterback. Kóòṣì mi máa ń fi igi gbá wa níka torí ẹ̀, nítorí ọ̀tá ń ka ọwọ́ wa bí ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Ohio State ti kọ́ bí a ṣe ń fi pamọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá rẹ èèyàn, ìka kì í purọ́.

Ọmọ Mókọ́lá · Wẹ́sìdé, 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga, ẹ ti ba fóònù mi jẹ́, ojú ìka nìkan ni màá máa wá.

Bàbá Toledo · Wẹ́sìdé, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè.

Ìlú tí mo ń gbé yìí gan-an ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1835, Ohio ní àwọn ló ni Toledo, Michigan ní àwọn ni, wọ́n kó sọ́jà jọ sí ẹnu ààlà. Ìjọba àpapọ̀ bá wọn parí rẹ̀: Ohio gba Toledo, wọ́n fún Michigan ní ilẹ̀ igbó apá àríwá tí wọ́n ń pè ní Upper Peninsula, Michigan sì di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1837. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé lórí pápá lọ́dún 1897, Michigan nà wọ́n 34 sí 0. Bí o bá rìn ládùúgbò mi lónìí, àsíá pupa wà níwájú ilé kan, búlúù wà níwájú èkejì, tọkọtaya mìíràn a máa ta méjèèjì.

Ọdún 1976 ni mo dé síbí wá kàwé. Eré àkọ́kọ́ tí mo wò nínú tẹlifíṣọ̀n ẹni tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, Michigan na Ohio State 22 sí 0. Mo wo Woody Hayes, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State, bó ṣe ń rìn wá rìn lọ nínú òtútù pẹ̀lú ẹ̀wù alápá péńpé, àánú rẹ̀ ṣe mí. Bí mo ṣe di ti Ohio State nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n pàdánù. Bo Schembechler tó wà ní Michigan, lábẹ́ Hayes ló ti ṣiṣẹ́ rí. Láti 1969 dé 1978 ni ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn fi dojú kọ ara wọn. Bo borí márùn-ún, Hayes borí mẹ́rin, wọ́n ta ọ̀mì kan, 10 sí 10, lọ́dún 1973.

Kí ni àwọn méjèèjì ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn? Sísá ni. Hayes ò fẹ́ràn kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù rárá. Nítorí náà nígbà tí Àdìsá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ó sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹgbẹ́ wa ti di ẹlẹ́wà, ó ti gbàgbé iṣẹ́ oko.

Ṣùgbọ́n kí Àdìsá rántí nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, a sáré lu àárín Michigan bí ẹni ń fi orí lu ògiri. Mason Graham àti Kenneth Grant ni ògiri náà. Àwọn méjèèjì ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, ní Oṣù Kẹrin, Graham wà ní Cleveland, Grant wà ní Miami. Ta ló dúró síbẹ̀ báyìí? Mo bi í gẹ́gẹ́ bí àgbà, kò gbọdọ̀ bínú.

Àdìsá Detroit · Wẹ́sìdé, 10:20 alẹ́

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Mi ò lè bínú. Ibi tó ń dùn mí gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe Graham àti Grant.

Ìyá Ìbejì Columbus · Tọ́sìdé, 7:15 àárọ̀

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ Ìdúpẹ́. Tọ̀lótọ̀ló ti wà nínú ààrò, mo fi ata rodo sí i, ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́ kó jẹ búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀wọ́ akọlù Michigan náà, nítorí gbogbo yín kàn ń wádìí tiwa. Bryce Underwood ni quarterback wọn, ọmọ Belleville níbẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ann Arbor, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí. Ọmọ náà lẹ́bùn, apá rẹ̀ le, ó sì mọ ẹsẹ̀ lò, mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Justice Haynes tó ń bá a sáré ti fẹsẹ̀ pa, Andrew Marsh tó ń gba bọ́ọ̀lù fún un, ọmọdé bíi tirẹ̀ ni. Northwestern ni wọ́n gbá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, 24 sí 22, ọpẹ́lọpẹ́ Dominic Zvada tó ta field goal (bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ ta gba àárín òpó, ayò mẹ́ta) ní ìparí. Zvada yẹn náà ló ta èyí tó pa wá lọ́dún tó kọjá. Òun nìkan ló ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo yín.

Àwọn tó ń dènà fún wa kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ju ayò 16 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Eré mọ́kànlá! Caleb Downs ń rí bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó jù ú. Bùọ̀dá mi, níbo ni Underwood máa gbà?

Àdìsá Detroit · Tọ́sìdé, 11:50 àárọ̀

Níbi tí ọkàn mi ti ń gbọ̀n nìyẹn. Matt Patricia ló ń darí àwọn adènà yín. Gbogbo ará Detroit mọ orúkọ yẹn, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Lions, ẹgbẹ́ NFL ti Detroit, láti 2018 títí wọ́n fi lé e ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2020, mo sì wà lára àwọn tó yọ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ní Columbus lọ́dún yìí, mo ní láti bọ fìlà fún un.

Bí a bá máa borí, àfi ká fi ẹsẹ̀ jẹ aago. Kí Sayin jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kí Underwood má ṣe gbìyànjú láti di akọni lọ́jọ́ kan. Kí Zvada ta mẹ́ta, kí a rí touchdown kan. 16 sí 13. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Gbóyèga 64 · Tọ́sìdé, 3:05 ọ̀sán

Ohio State, 24 sí 13. Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Mókọ́lá · Fúráìdé, 1:20 ọ̀sán

Ìbéèrè kan kí ọjọ́ tó pé. Ṣé ọmọ Yorùbá kankan ti wà nínú eré yìí rí?

Gbóyèga 64 · Fúráìdé, 2:00 ọ̀sán

Wà dáadáa! Olusegun Oluwatimi. Virginia ló ti wá sí Michigan, òun ni center wọn lọ́dún 2022, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ fún quarterback, tó sì ń pàṣẹ fún gbogbo àwọn tó ń dí ọ̀nà níwájú. Lọ́dún yẹn, ó gba Rimington Trophy, ti center tó dára jù, ó tún gba Outland Trophy, ti géńdé iwájú tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Òun ló wà láàárín nígbà tí Michigan lọ na Ohio State 45 sí 23 ní Columbus. Mo wà ní girama nígbà náà. Mo rí orúkọ "Oluwatimi" lẹ́yìn ẹ̀wù búlúù náà nínú tẹlifíṣọ̀n, mo pe màmá mi láti ilé ìdáná. Ó dúró pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó kà á sókè, ó pè é bó ṣe yẹ. Akéde orí tẹlifíṣọ̀n ò pè é bẹ́ẹ̀.

Olumuyiwa Fashanu náà wà ní Penn State, Jets ti NFL mú un ní ipò kọkànlá nígbà tí wọ́n ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2024. Àwa ọmọ Yorùbá wà níwájú, níbi tí iṣẹ́ wà.

Ìyá Ìbejì Columbus · Fúráìdé, 2:30 ọ̀sán

Ẹni tó nà wá 45 sí 23 náà, ọmọ wa ni. Kí Ọlọ́run túbọ̀ bù kún un. Ṣùgbọ́n léèsì náà, pupa ni.

Ọmọ Mókọ́lá · Sátidé, 6:25 ìrọ̀lẹ́ níbí

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀! Sayin jù ú, ọmọ Michigan gbà á! Ẹ̀gbọ́n Àdìsá!!!

Àdìsá Detroit · Sátidé, 12:48 ọ̀sán

6 sí 0. Zvada ti ta méjì. Ẹ jẹ́ kí n má sọ nǹkan kan.

Gbóyèga 64 · Sátidé, 1:20 ọ̀sán

Ẹ ò sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sún mọ́ òpin pápá tí ẹ fi field goal parí rẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta kò tó fún àwọn wọ̀nyí.

Ìyá Ìbejì Columbus · Sátidé, 1:31 ọ̀sán

Ìgbà kẹrin! Wọn ò ta á, wọ́n jù ú! SMITH! Yáàdì márùndínlógójì! Táíwò ti fò lé àga mi!

Bàbá Toledo · Sátidé, 2:40 ọ̀sán

Tate náà ti gba tirẹ̀, àádọ́ta yáàdì. Mo gbà pé ó dùn ún wò. Ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀: Jackson sá, Jackson sá, géńdé mẹ́ta wà níwájú, àwọn adènà búlúù sún síwájú, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn Tate mọ́. Gbóyèga, o gbọ́n.

Gbóyèga 64 · Sátidé, 3:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ máa wo èyí tó ń lọ lọ́wọ́ yìí. Yìnyín ti bo ìlà pápá. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ Ohio State, wọ́n kàn ń sáré, mẹ́rin, mẹ́ta, márùn-ún. Underwood wà lẹ́bàá pápá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àdìsá fẹ́ ṣe fún wọn ni wọ́n ń ṣe fún un.

Àdìsá Detroit · Sátidé, 5:45 ìrọ̀lẹ́

27 sí 9. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé ọdún mẹ́rin náà ti parí, kí wọ́n lọ gba ṣòkòtò wọn. Bo Jackson lé ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, nínú òtútù, nínú ilé wa. Underwood ju gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù, yáàdì 63 péré ló rí. Mo ní kí a wo ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ náà ló pa wá. Mo rí i bọ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa gbìyànjú, mo ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ.

Bàbá Toledo · Sátidé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Àdìsá, ọmọ mi, o wo eré náà bí àgbà ṣe ń wò ó. Ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi yìí, àsíá búlúù rẹ̀ ṣì wà níta, yìnyín ti bò ó. Mo ti gbé ife tíì lọ fún un.

Ìyá Ìbejì Columbus · Sátidé, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Bùọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Mo ti sunkún tán kí n tó lè kọ̀wé. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, ẹ ti ṣe àlàyé fún gbogbo wa ju àwọn orí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ọdún tó ń bọ̀, Columbus ni, ẹ máa wá sùn sọ́dọ̀ wa, yàrá àlejò ti wà fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí. Ó ní ẹ ti ń béèrè iye léèsì.

Àdìsá Detroit · Sátidé, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Mo béèrè. Ẹ ka iye èèyàn, ẹ fi gèlè kún un, ẹ má gbàgbé fìlà tèmi. Yáàdì mélòó?